Ẹ Kọ́kọ́ Rìn Ín Kí Ẹ Tó Sáré Níbẹ̀: Yíyan Ojú Ọ̀nà Eré Sísá Létí Odò, Nínú Igbó àti Lórí Òkè ní Agbègbè Àbújá

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ ọba tàbí òwò gbé wá sí Àbújá ni ó máa ń sáré ní òwúrọ̀ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń sá a, níbi tí èéfín ọkọ̀ ti ń wọ imú, tí ọ̀dà líle sì ń lu orúnkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ti Kubwa tàbí Bwari wo ọ̀kánkán yóò rí òkè, yóò rí igbó tí ó wọ́ tẹ̀lé etí odò, yóò sì rí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti ń tọ̀ kí ìjọba tó dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ó ti lè sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó sì fẹ́ gbé eré rẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀, kí ó fi oṣù méjì sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ládùúgbò rẹ̀ ná; òkè kò ní sá lọ.

Bí mo bá ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé ẹ lọ́wọ́, òun ni pé kí ẹ má ṣe sáré ní ojú ọ̀nà tí ẹ kò tíì fi ẹsẹ̀ rìn. Ní ìlú wa ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà oko ni a fi dàgbà, a sì mọ ibi tí gbòǹgbò wà àti ibi tí odò ti ń kún. Níbí, àlejò ni wá. Àwòrán ilẹ̀ inú fóònù yóò fi ìlà kan hàn yín, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé ìlà náà di àbàtà ní oṣù Kẹjọ, tàbí pé ajá mẹ́ta ni ó wà nínú ọgbà tí ó wà ní ìkóríta kejì.

Kí ẹ tó jáde rárá, ó yẹ kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tí ẹ ń gbé. Àpáta líle ni ó wà lábẹ́ Àbújá, ibi tí òjò àti oòrùn bá sì ti jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ni ó ti di yangí pupa tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí kò jẹrà ni ó yọ sókè bí Aso Rock, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní 936 mítà sí ojú òkun, àti bí Zuma tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó ọgọ́rùn-ún náírà. Kì í ṣe irú òkè wọ̀nyẹn ni mò ń sọ. Àpáta tí ó dúró ṣánṣán kò ṣeé sá eré lé. Òkè tí ó yẹ fún wa ni ìdagẹ̀rẹ́ tí ó wà láàárín àpáta kan sí èkejì, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra gòkè, tí ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi. Odò kéékèèké tí ẹ bá pàdé níbẹ̀ kò dá wà. Ní apá Bwari, púpọ̀ nínú wọn ń wọ Odò Usuma, Usuma ń lọ bá Gurara, Gurara sì ń lọ bá Odò Ọya. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mọ ibi tí omi ń ṣàn lọ, ẹ ti mọ ibi tí ilẹ̀ dà sí, ẹ sì lè fojú díwọ̀n apá ibi tí ẹ óò ti mí gúlegúle.

Èyí ni ó fà á tí mo fi máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n fi òkè ṣe àlọ, kí wọ́n sì fi ibi tí ó sọ̀ kalẹ̀ ṣe àbọ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ bá omi sọ̀ kalẹ̀, ara yóò yá, ẹ óò lọ jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ, ìgbà tí oòrùn bá sì ti mú ni ẹ óò wá máa gun òkè bọ̀ wá ilé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ibi tí yangí ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, nítorí pé a máa yí lábẹ́ bàtà bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ẹ̀wà gbígbẹ lórí sìmẹ́ńtì. Bí ìdagẹ̀rẹ́ bá ga, tí irú yangí bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, ẹ rìn ín sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rírìn.

Ọjọ́ tí ẹ bá máa rin ọ̀nà náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wọ bàtà tí ẹ óò fi sáré gan-an, ẹ mú fóònù tí ó lè máa ka ìrìn yín sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ kọ gbogbo ìkóríta sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tí kò lè kúrò: igi ẹmi tí ó ya méjì, àpáta tí ó jọ ilé, ìdí igi àràbà. Ẹ má ṣe fi òkìtì iṣu tàbí ahéré koríko ṣe àmì, nítorí pé kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àmì orí igi ni ó ṣe pàtàkì jù lọ létí odò. Ẹ wo ẹ̀ka igi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi dáadáa. Bí ẹ bá rí pàǹtí, koríko gbígbẹ àti ọ̀rá omi tí ó há sí i, ibẹ̀ ni omi dé nígbà tí odò kún gbẹ̀yìn. Mo ti rí pàǹtí lókè orí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan tí kò bo ọrùn ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejì. Ẹni tí kò bá gbé ojú sókè níbẹ̀ yóò rò pé odò ọmọdé ni.

Ìrírí kan kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí kí n tó mọ pàǹtí wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan, àwa mẹ́ta sáré kọjá odò tóóró kan ní apá Bwari ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Òjò kan kò rọ̀ lé wa lórí. Nígbà tí a ó fi padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, omi ti dé itan, ó ti pupa bí epo, ó sì ń gbé igi lọ. Orí òkè tí ó wà lẹ́yìn wa ni òjò ti rọ̀, a kò sì mọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni a jókòó sí, ebi ń pa wá, títí baba àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Gbagyi fi kọjá, tí ó sì mú wa gba ọ̀nà mìíràn tí ó jìnnà gan-an dé ibi afárá. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀nà kan bá gba inú odò kọjá, mo máa ń wo ojú ọ̀run lápá ibi tí odò ti ń bọ̀, kì í ṣe orí mi nìkan. Bí ojú ọ̀run bá ṣú níbẹ̀, mi ò ní sọdá.

Ẹ kí àwọn onílé. Àwọn Gbagyi, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Gwari, ni ó ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ọ̀nà wọ̀nyí gbà kọjá, oko wọn sì ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó bá dé abúlé kan fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ó lọ sí ilé olórí abúlé tàbí kí ó wá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí iwájú ilé, kí ó sọ pé òun ń bọ̀ wá máa sáré. Ẹ kò nílò èdè púpọ̀. "Ina kwana" ní òwúrọ̀ tó, tí ẹ bá sì rí àgbẹ̀ lóko, "Sannu da aiki" ni ẹ kú iṣẹ́ tiwọn ní èdè Hausa, tí tilé-toko gbọ́. Àwọn ìyá Gbagyi kì í sábà fi orí ru ẹrù bí àwọn ìyá tiwa, èjìká ni wọ́n máa ń gbé e lé, nítorí náà wọn kò lè tètè yà fún yín ní ojú ọ̀nà tóóró. Ẹ̀yin ni kí ẹ yà, kí ẹ sì dúró pátápátá kí wọ́n kọjá. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi eré gba ẹ̀gbẹ́ ìyá kan tí ó ru igi kọjá, ẹrù náà sì dà sílẹ̀. A tọrọ àforíjì títí, a sì bá a kó igi náà jọ, ṣùgbọ́n ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó dá ìkíni wa padà ní abúlé náà.

Ní ti àsìkò, ọ̀nà kan náà jẹ́ méjì ní Àbújá. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó máa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án, ó sì máa ń dáwọ́ dúró ní òpin oṣù Kẹwàá. Nígbà òjò, koríko ga ju ènìyàn lọ, ìrì ń rẹ bàtà, àpáta sì ń yọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ le, ọ̀nà mọ́, ṣùgbọ́n odò kéékèèké lè gbẹ tán, ọyẹ́ máa ń mú eruku wá láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, àwọn ènìyàn sì máa ń dáná sun igbó, tí èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ẹni tí ń mí gúlegúle. Oṣù Kẹta ni ooru máa ń mú jù. Lójú tèmi, láti òpin oṣù Kẹwàá dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni àkókò tí ó dára jù lọ nínú ọdún: odò ṣì ń ṣàn, koríko ti ń wó lulẹ̀, ilẹ̀ ti gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì le. Bí ẹ bá ní oṣù kan péré tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, ẹ mú oṣù Kọkànlá.

Ilẹ̀ máa ń mọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má ṣe wọ inú igbó kí ẹ tó lè rí ẹsẹ̀ yín.

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ mú àwọn ẹni tuntun lọ ni etí adágún Jabi. Dáàmù ni ó bí adágún náà, nítorí náà ilẹ̀ tẹ́jú létí rẹ̀, ènìyàn pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ojú omi. Kò ní igbó tí ó pọ̀, òkè rẹ̀ kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó dára fún kíkọ́ bí a ṣe ń sáré lórí ilẹ̀ dípò ọ̀dà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn tí ń ya fọ́tò kò ní jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà gbà. Ọgbà Millennium ní Maitama, tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, jẹ́ ibòmíràn tí ó bójú mu fún ìgbésẹ̀ kejì, nítorí pé odò kan pín in sí méjì, ibòji igi sì wà níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ohun tí wọ́n gbà láàyè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ibi tí ọkàn mi wà gan-an ni agbègbè Ushafa, ní ọ̀nà Bwari. Abúlé náà wà láàárín òkè. Àwọn amọ̀kòkò rẹ̀ lókìkí, Bill Clinton tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà sì ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, tí ó fi jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń pè é ní abúlé Clinton. Dáàmù Usuma, tí wọ́n parí ní ọdún 1984 láti máa pèsè omi fún Àbújá, kò jìnnà síbẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí a ń wá wà papọ̀: omi tí ó tẹ́ rẹrẹ láàárín òkè, igi tí ó wọ́ tẹ̀lé ìṣàn omi kéékèèké, àti ìdagẹ̀rẹ́ tí kò ga ju ohun tí ẹsẹ̀ lè bá lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà dáàmù láìgba àṣẹ, ẹ kò sì gbọdọ̀ sáré lórí ògiri rẹ̀. Omi mímu gbogbo ìlú ni, àwọn tí ń ṣọ́ ọ kò sì ní bá yín ṣeré. Àwọn ọ̀nà ilẹ̀ àti ọ̀nà oko tí ó wà níta ọgbà ni tiwa.

Bí mo ṣe máa ń pín eré níbẹ̀ nìyí. A óò gbé ọkọ̀ sí ibi tí wọ́n bá fi hàn wá nínú abúlé, a óò rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iṣan lè gbóná, lẹ́yìn náà a óò sáré gòkè lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú ìwọ̀n tí a ṣì fi lè sọ gbólóhùn kan tán láìjá mí. Bí gbólóhùn bá já, a óò rìn. A óò dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ibi tí a bá ti lè rí omi láti òkè, a óò mu omi, a óò sì rọra sáré padà. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún àlọ, kì í ṣe mẹ́wàá. Mo máa ń fi ìṣẹ́jú díwọ̀n, n kì í fi kìlómítà díwọ̀n, nítorí pé kìlómítà kan lórí yangí àti òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ kìlómítà kan lórí ọ̀dà ní Gwarinpa nínú ìlú, ẹni tí ó bá sì ń lé kìlómítà níbẹ̀ ni ó máa ń rọ́ lẹ́sẹ̀.

Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú, ẹ jẹ́ kí apá máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì wo nǹkan bí mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí iwájú dípò kí ẹ máa wo ṣóńṣó òkè, tí yóò máa dà bíi pé kò sún mọ́ yín. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ṣe fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ láti dá ara yín dúró. Orúnkún ni yóò san gbèsè náà. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹsẹ̀ máa tètè kúrò nílẹ̀. Nínú igbó etí odò, gbòǹgbò máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé, nítorí náà ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ju bí ẹ ti ń ṣe lórí títì lọ.

Ìsun omi Gurara ní Ìpínlẹ̀ Niger, tí omi rẹ̀ ń já bọ́ láti ibi tí ó ga ní nǹkan bí ọgbọ̀n mítà, wà ní ọ̀nà Suleja sí Minna. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ọjọ́ kan ni. Àpáta etí rẹ̀ ń yọ̀, omi rẹ̀ sì lágbára. Ẹ rìn níbẹ̀, kí ẹ má sáré.

Odò lẹ́wà láti wò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bọ́ bàtà kí ẹ máa tẹ omi tí kò ṣàn dáadáa nítorí ooru. Kòkòrò tí ń fa àtọ̀sí ajá ń gbé nínú irú omi bẹ́ẹ̀ níbi tí ìgbín kéékèèké omi bá wà, awọ ara ni ó sì ń gbà wọlé. Ní ibi tí omi ti ń sáré lórí àpáta, eṣinṣin dúdú kékeré tí ń fa ìnárun àti àrùn ojú fífọ́ máa ń jẹni lójú ọ̀sán. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti ṣòkòtò tí ó kọjá orúnkún yóò ràn yín lọ́wọ́. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè yà fún ènìyàn, nítorí náà ẹ má ṣe tẹ ibi tí ojú yín kò rí, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi okùn dì í pinpin. Ẹ má jẹ́ kí ó lo ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí a lè fi bò mọ́lẹ̀. Ní ìgbèríko Àbújá, títí kan apá Bwari, ìjínigbé kì í ṣe ìtàn. Ẹ má ṣe dá lọ láé. Ó kéré tán, kí ẹ jẹ́ mẹ́ta, bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ rọ́, kí ẹnì kan dúró tì í, kí ẹnì kejì lọ wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ yí ọjọ́ àti wákàtí padà, ẹ má ṣe fi àwòrán ojú ọ̀nà yín sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó padà délé, ẹ sì má ṣe fi ohun ìgbọ́rìn sí etí. Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́dẹ àti ará abúlé ní òwúrọ̀ náà gan-an bóyá ọ̀nà dára. Bí wọ́n bá mi orí lásán, láìsọ̀rọ̀, ẹ padà sínú ọkọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí lẹ́ẹ̀mejì. Jabi ni a lọ sá tiwa ní ọjọ́ méjèèjì.

Ní ti ẹrù, ẹ jẹ́ kí ó fúyẹ́: ìdajì lítà omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó díẹ̀ fún ọ̀kadà bí ó bá di dandan, aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ hàn lójú koríko, fóònù tí iná kún inú rẹ̀, àti ìwé kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bàtà kò ní láti wọ́n, ṣùgbọ́n kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín. Kámbáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán kò wúlò lórí yangí. Bí ẹ bá délé, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibòji, nítorí pé oòrùn Àbújá máa ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ bàtà ṣí.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ déètì sínú ìwé náà, bí odò ti jìn tó ní ibi tí ẹ ti máa ń sọdá, ìkóríta tí ó yí padà, àti orúkọ àgbàlagbà tí ẹ kí. Ìgbà tí òjò bá sì dáwọ́ dúró, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kọkànlá, ẹ mú ìwé náà dání, ẹ padà lọ síbẹ̀, kí ẹ sì tún fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí.